Orí tábìlì kọfí: pákó gidi tàbí plywood?
Pákó gidi máa ń wú bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, á sì súnkì bó bá gbẹ. Bí o bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pinpin mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó lè sán. Ìṣó tí a ń lọ́ wọlé ni kó o lò, kí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ kí igi lè ráyè mí.

Plywood kì í fa wàhálà yìí, torí awẹ́ igi tí wọ́n lẹ̀ ní òró àti ìbú ni. Èyí tó nípọn tó mìlímítà 18 ti tó. Etí rẹ̀ nìkan ló fẹ́ ìbòrí.

Síbẹ̀, pákó gidi lèmi yóò mú: bí ife gbígbóná bá dá àpá sí i, sáńpépà á pa á rẹ́. Ojú plywood tín-ín-rín jù fún ìyẹn.