Pákó WPC l'Óṣogbo: ó dára, ṣùgbọ́n àlàfo ni kí ẹ máa ṣọ́

Bí ẹ bá sọ fún bíríkìlà l'Óṣogbo pé dẹ́kìn lẹ fẹ́, kọnkéré ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Pákó WPC là ń sọ níbí, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti ike rọ, tí wọ́n ń tẹ́ sí iwájú ilé àti ẹ̀gbẹ́ omi ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń tà á máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò gba ìtọ́jú kankan. Ibẹ̀ la ò ti bá wọn gbà. Lóòótọ́, kò gba ọ̀dà, kò gba fáníìṣì, ikán kì í sì í kù gìrì sí i bíi pákó lásán. Ó tọ́ sí owó rẹ̀ nítorí ìyẹn. Omi àti eruku ni kò ṣeé fojú di.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ní awọ ike lára, èkejì ò ní. Ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e: bí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ bá yí i ká, aláwọ nìyẹn. Èyí tí kò ní awọ ló dínwó, àmọ́ igi inú rẹ̀ ń fa epo mu. Epo pupa tó kán sí i lónìí, bó bá fi di ọ̀túnla, ó ti wọnú. Aró náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìlú aláró sì nìlú wa. Bó bá jẹ́ oníhò, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, omi á tún gba ẹnu rẹ̀ wọlé bí wọn ò bá fi ìdérí dí i. Bí agbára bá gbé e, aláwọ ni kí ẹ rà.

Ní ti fífọ̀, inú àlàfo ni iṣẹ́ wà. Mílímítà 5 láàárín pákó sí pákó dára. Eruku ọyẹ́ àti ewé máńgòrò tó bá jókòó síbẹ̀ ń di omi mú, òun sì ni oúnjẹ ohun dúdú tó ń hù bíi ti ògiri ilé ìwẹ̀, tó ń mú ẹsẹ̀ yọ̀. Ẹyọ igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí ẹ dì pọ̀ ni kí ẹ fi wà á jáde, kì í ṣe ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọṣẹ ìfọbọ́ olómi díẹ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà 10, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ fọ̀ ọ́ lọ sí gígùn pákó, torí bí ẹ bá fọ̀ ọ́ ní ìbú, ìdọ̀tí kò ní jáde nínú ilà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣan án kó tó gbẹ. Ọṣẹ tó bá gbẹ sí i ń mú eruku tuntun, àwọn èèyàn á wá máa ní pákó ti ṣá. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: nígbà tí òjò bá dá, àti nígbà tí ọyẹ́ bá parí.

Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi, ti àwọn tó ń fọ mọ́tò, ló ń ba pákó yìí jẹ́ jù. Bí ẹnu rẹ̀ bá sún mọ́ pákó, yóò gé awọ náà lílà. Bó bá di dandan, kí omi rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀, kó sì jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30. Kànìnkànìn onírin, tínà àti pẹtiróòlù, rárá. Bílíìṣì lè pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan ná, ẹ má sì pò ó mọ́ ásíìdì ìfọṣalángá láé, èéfín rẹ̀ léwu gan-an.

Epo tó dà sílẹ̀, ẹ fi tíṣù fà á mu lójú ẹsẹ̀, ẹ má nù ún káàkiri, kí omi ọṣẹ tó tẹ̀lé e. Èédú pípọ́n ní tiẹ̀ kò ní àtúnṣe: ike á yọ́, àfi kí ẹ pààrọ̀ pákó náà. Nítorí náà, ẹ ra méjì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọ̀ ọjà tó bá dé lẹ́yìn lè má bá a mu.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò bèèrè ni igi tí pákó náà jókòó lé. Bó bá jẹ́ igi lásán tí wọn ò fi oògùn sí, ikán á fi WPC sílẹ̀ lókè, á jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Irin tàbí igi olóògùn ni kí kàfíńtà lò, kí àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, 30 fún oníhò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pákó á tẹ̀, omi á sì dúró níbẹ̀.