Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra íntánẹ́ẹ̀tì ilé: ẹ má sanwó lójú ọ̀sán

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn, tí fíbà (wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó yára) kò tíì dé àdúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà tó ń lọ láti ẹ̀sítéètì kan dé òmíràn. Á gbé díìṣì kékeré kan kọ́ sórí òrùlé yín, á fa wáyà wọ pálọ̀, á sì sọ fún yín pé 40 Mbps lẹ ń rà (Mbps la fi ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì), Unlimited, ìyẹn àlòìdíwọ̀n, ₦18,000 lóṣù. Owó ìsopọ̀ nìkan lé ní ₦90,000. Ọ̀sán ló máa ń wá. Tó bá so ó tán, á ní kí ẹ tẹ Speedtest, áàpù tó ń wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì, lójú òun, ẹ ó sì rí 40 lóòótọ́. Ẹ ó sanwó. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti wọlé, 40 á ti di 3. Ẹ ó pe ẹ̀gbọ́n yín lórí fídíò, ojú rẹ̀ á dúró sójú kan, ohùn á já. Bó ṣe rí nílé tiwa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé gbogbo àwọn aládùúgbò tí mo bá sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ra íntánẹ́ẹ̀tì ilé kan ṣoṣo, irú èyí tí ìdílé kan ń lò, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó gbé e sórí ilé alájà tó ga jù ní àdúgbò, ó wá ń tà á fún ogunlọ́gọ̀ ilé, 40 Mbps fún ilé kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án tí ẹ̀yin nìkan ń lò ó, tiyín ni gbogbo ẹ̀. Lálẹ́, páìpù omi kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò so ẹnu mọ́, kálukú sì ti san owó odindi páìpù.

Ẹ̀rí wà fún ohun tí mò ń sọ, ẹ̀yin náà sì lè ṣe irú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti àwọn aládùúgbò mẹ́ta fi kébùlù so kọ̀ǹpútà wa mọ́ ráutà, a pe ara wa lórí fóònù, a sì tẹ ìdánwò lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé kan rí 14, èkejì rí 12, ẹ̀kẹta 11, ẹ̀kẹrin 10. Ẹ ro ó pọ̀: 47 fún ilé mẹ́rin tí kálukú san owó 40. A tún un ṣe, kò yàtọ̀ púpọ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́ta pa tiwọn, ti ẹni tó ṣẹ́kù fò padà sí 40. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ní ohun tó ń tà, kò yẹ kí ìdánwò tèmi dí ti aládùúgbò mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. A tún lọ sí ìkànnì tó máa ń sọ àdírẹ́sì IP ẹni (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá íntánẹ́ẹ̀tì ẹni mọ̀), níbi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni íntánẹ́ẹ̀tì náà ti máa ń hàn. Orúkọ tó jáde kì í ṣe èyí tó wà lórí rísíìtì wa.

Mo fẹ́ ṣe òdodo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. Gbogbo ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é, nítorí gbogbo oníbàárà kì í lò ó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Rírà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó tóbi ju tẹni lọ kí a tún un tà náà kò burú, bí ẹni náà bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ra èyí tó tó àwọn oníbàárà rẹ̀. Ti ọkùnrin yìí ni pé kò sí ìwé àṣẹ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ilé mélòó ló wà lórí ẹyọ kan náà. Orúkọ àwọn tó gba ìwé àṣẹ wà lórí ìkànnì NCC. Ẹ wò ó kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Àwáwí rẹ̀ nígbà gbogbo ni pé kébùlù abẹ́ òkun ti gé. Èyí ń bí mi nínú gan-an, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní tòótọ́: lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, kébùlù mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, gbogbo wa sì jẹ̀yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kébùlù tó gé kì í sábà yá dáadáa lọ́sàn-án kó wá lọ́ra ní aago mẹ́jọ alẹ́ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń purọ́ ni.

Ẹ má sì rò pé ẹ ti bọ́ tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ bá rà á. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sórí ìwé ìpolówó ni iye tó lè dé bí ohun gbogbo bá dára. Wọn kì í sábà kọ èyí tí kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tún ń tà á ní Unlimited, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lo dátà dé ìwọ̀n kan, wọ́n á fa ìjánu rẹ̀ títí oṣù á fi parí. Ẹ béèrè ìwọ̀n náà lẹ́nu wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìlú Ọba, láti ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ polówó ìyára kan àfi bí ó kéré tán ìdajì oníbàárà bá lè rí i láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ìdá kan péré nínú mẹ́wàá oníbàárà bá rí i, wọ́n lè polówó rẹ̀. Wákàtí alẹ́ yẹn gan-an ni kí àwa náà máa fi dán an wò.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má lo Wi-Fi láti yàrá kejì, torí ògiri búlọ́ọ̀kù lè jẹ ìdajì ìyára, ẹni tó tà á yóò sì rí àwáwí mú. Kébùlù ni kí ẹ fi so ó. Ẹ lo Fast.com pẹ̀lú Speedtest. Netflix, ilé-iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ni Fast.com, ọ̀dọ̀ tiwọn ló sì ti ń fa dátà tó fi ń ṣe ìdánwò, nígbà tí Speedtest lè mú sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi dátà ránṣẹ́) tó wà nínú ilé-iṣẹ́ tó tà á fún yín gan-an, iye tó hàn sì lè ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, kí ọjọ́ àti aago hàn lórí rẹ̀.

Mbps tún ń dá ọ̀pọ̀ láàmú. Mẹ́gábíìtì ni, kì í ṣe mẹ́gábáìtì tí a fi ń ka ìwọ̀n fáìlì. Mẹ́gábíìtì 8 ló ń di mẹ́gábáìtì 1. 40 Mbps tó pé yóò gbé fáìlì 1GB láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Bó bá gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ju 4 tàbí 5 Mbps lọ. Netflix ní 5 Mbps tó fún fídíò HD (àwòrán tó mọ́ dáadáa), 15 fún 4K, èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, 10 tó dúró ṣinṣin lálẹ́ sàn ju 40 ọ̀sán lọ, owó rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé 3 náà tó yín ní Nàìjíríà. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún 2020 sí 2025 ní kí 25 Mbps jẹ́ èyí tó kéré jù nínú ìlú ńlá, kí 10 jẹ́ ti ìgbèríko.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún yín lákọ̀ọ́kọ́, kì í ṣe ìpè fóònù lásán, kí ẹ̀rí lè wà. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà wà fún ẹni tí wọ́n fi ìpolówó irọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin wọn ti ọdún 2018 kò gbà á láyè. Rísíìtì, àwòrán ìdánwò, ọ̀rọ̀ WhatsApp tó fi ṣèlérí 40, ẹ má pa ìkankan rẹ́.

Ọkùnrin náà ti yí orúkọ tó ń lò padà báyìí, ó ti lẹ ìwé ìpolówó tuntun mọ́ géètì àwọn ẹ̀sítéètì tó wà níwájú wa. Díìṣì funfun kan náà ni, iye owó kan náà. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sọ fún alága ẹgbẹ́ onílé yín kó béèrè ìwé àṣẹ NCC lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gun òrùlé ẹnikẹ́ni. Ẹ sì sọ fún un pé aago mẹ́jọ alẹ́ lẹ fẹ́ kó wá ṣe ìdánwò, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.