TerraTrike Rover lójú títì Ìbàdàn, láti ẹnu obìnrin tó wọn kílò 132

Kí n ti sọ ọ́ kí n tó máa ṣàlàyé lọ rẹrẹ: bí ẹ bá sanra bíi tèmi, tí orúnkún yín sì ti ń ráhùn, Rover ti TerraTrike, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ní kí ẹ rà nínú gbogbo kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì tí mo ti jókòó lé. Òun kọ́ ló yá jù. Òun kọ́ ló rẹwà jù, torí Catrike tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe rẹwà jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n òun ni mo lè jókòó sí, kí n sì dìde níbẹ̀ láìké sí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀: kẹ̀kẹ́ ológeere náà ni, ẹsẹ̀ la fi ń wà á, àmọ́ kò ní gàárì ṣóńṣó tó máa ń gún èèyàn nídìí. Àga gidi ló ní, tó ní ẹ̀yìn. Ẹ máa fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ yín á nà síwájú sórí pẹ́dàlì. Rover ní táyà méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Irú mìíràn wà tí méjì rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti Máràwá. Ìyẹn rọrùn láti wọ̀, torí kò sí táyà tí ẹ máa ré kọjá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi eré ṣẹ́ kọ́nà, ó máa ń fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè ju èyí lọ. Èmi ò fẹ́ ohun tó máa gbé ẹsẹ̀ sókè.

Lééṣì ni mò ń tà ní Gbági Tuntun. Ìjókòó ni iṣẹ́ wa, láàárọ̀ títí dalẹ́, bí oníbàárà kò bá dé. Dókítà ní kí n máa rìn, orúnkún ní òun kò gbà. Nígbà tí ọmọ mi bímọ ní Houston, tí mo lọ bá a wẹ ọmọ, òun ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irú kẹ̀kẹ́ yìí nìkan. Wọ́n to wọ́n kalẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn wà wọ́n yí ká ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Ojú ń ti ọmọkùnrin tó ń tajà láti béèrè bí mo ṣe wúwo tó. Ó ń yí ọ̀rọ̀ po, ó ń sọ pé "ẹni tó bá lágbára díẹ̀." Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, aṣọ ni mò ń tà, ojoojúmọ́ ni mò ń wo ìdí àti àyà àwọn èèyàn kí n tó sọ iye yáàdì. Kílò 132. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà ti kúrò lọ́rọ̀. Àwọn Catrike tí wọ́n ń pè ní Pocket, Villager, Road àti 700, ibi tí ilé iṣẹ́ náà ní kí ẹni tó máa gùn wọ́n mọ ni 125 kg. Rover gba 181 kg. Catrike náà ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Max, tó gba 181 kg, tí ìjókòó rẹ̀ sì ga ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bí owó bá wà, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ti ẹni tó bá ní "kílò méje péré lẹ fi ju iye yẹn lọ, kò ní ṣe nǹkan kan." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ kòtò tó wà láàárín Ojóo sí Móníyà. Ẹ tún ka báàgì yín, omi yín àti ohun tí ẹ bá rà lọ́jà mọ́ ara yín, kí ẹ tó fi wé iye tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ohun tí ìwé ìpolówó kì í sọ ni bí èèyàn ṣe ń dìde. Ọmọkùnrin yẹn jẹ́ kí n kàn jókòó sí Pocket wò. Ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀ débi pé mo lè fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ìgbà tí mo wá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ọmọ mi di ọwọ́ kan mú, ọmọkùnrin náà di ìkejì mú, wọ́n ń fà mí bí ẹni ń fa ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀.

Ti Rover ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyí. Màá kọ́kọ́ ti bíréèkì pa, torí bí ẹ kò bá tì í, bí ìdí yín bá ṣe ń kan àga báyìí ni kẹ̀kẹ́ á sún sẹ́yìn, ilẹ̀ lẹ ó sì bá ara yín. Màá dúró sáàárín táyà iwájú méjèèjì, màá kọ ẹ̀yìn sí àga, màá fi ọwọ́ wá etí rẹ̀, màá wá rọra sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dìde, màá fa ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ àga, màá tẹ orí síwájú, ìdí á sì gbéra fúnra rẹ̀. TerraTrike tún ń ta ọwọ́ irin méjì tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí èèyàn á dì mú dìde. Mo rà á. Ẹ rà á.

Nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe àga ọ̀hún, okùn ni wọ́n sì fi fà á le lẹ́yìn. Ẹ fà á le dáadáa, kí ẹ sì máa tún un fà látìgbàdégbà, torí bó bá dẹ̀, ẹni tó wúwo á rì kan irin abẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn ń gba inú nẹ́ẹ̀tì náà kọjá sí ẹ̀yìn yín. Nínú ooru oṣù kẹta, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ òkè wá kù. Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí kẹ̀kẹ́ tí kò ní dùn ún wà níbẹ̀. Ìbàdàn kọ́ nìyẹn. Lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bí òkè bá le, èèyàn á dìde dúró lórí pẹ́dàlì, á fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì, kò sí ìdìde dúró. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá sì ń fi jíà tó wúwo tì í, orúnkún ló máa san gbèsè rẹ̀. Jíà tó fúyẹ́ jù lọ ni kí ẹ máa béèrè. Èyí tó yá kò wúlò fún wa.

Rover tèmi ní jíà mẹ́jọ, ti ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer, gbogbo rẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín táyà ẹ̀yìn. Eruku ọyẹ́ kò rí i, ẹrẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ó ṣeé yí nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró. Kẹ̀kẹ́ tí jíà rẹ̀ wà níta, tí ṣéènì ń fò láti orí eyín kan sí òmíràn, àfi kí ẹsẹ̀ máa yí i lọ kí ó tó lè gbọ́ràn. Bí Micra kan bá já sí yín níwájú láti gbé èrò láàárín òkè, tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, jíà tó wúwo yẹn náà lẹ máa fi gbéra padà. Ti Rover, màá yí i sí ọ̀kan níbi tí mo dúró sí, màá máa bá tèmi lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta tún ní oore kan. Lórí òkè Mọ́kọ́lá tó lọ sí Premier Hotel, bó bá rẹ̀ mí, màá ti bíréèkì pa, màá fẹ̀yìn tì, màá mu omi. Mi ò ní sọ̀kalẹ̀, mi ò ní fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì ní ṣubú. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn máa ń kọjá lára mi níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ní ti Òkè Àárẹ̀, níbi tí Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga yẹn, wà, mi ò tíì dé ibẹ̀, kò sì sí nínú ètò. Ibi tí mo ti ń gbádùn ara mi jù ni Sẹkitéríàtì àti GRA Àgọ́díì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò sí níbẹ̀, tí àwọn onígbàgbọ́ sì ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ti àtúnṣe, irin ni wọ́n fi ṣe egungun Rover. Ti Catrike jẹ́ àlùmíníọ̀mù. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ pọ̀ ní Ìbàdàn tó lè jó irin. Èyí tó lè jó àlùmíníọ̀mù kẹ̀kẹ́ kó sì lágbára, ẹ máa wá a títí. Táyà Rover mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 20 inch, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti BMX tí àwọn ọmọdé ń gùn, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Sángo ni mo ti ń ra túùbù. Ẹ rí i dájú pé fáàfù túùbù náà jẹ́ irú ti mọ́tò, kí fọganáísà lè fún un ní atẹ́gùn. Kí ẹ sì dúró tì í. Atẹ́gùn tó le ni ẹni tó wúwo nílò, iye rẹ̀ wà lára táyà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà tírélà ní atẹ́gùn lè bẹ́ túùbù kékeré kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ohun kan ṣoṣo tó le ni ṣéènì: ó gùn ju ti kẹ̀kẹ́ lásán méjì lọ, ẹ máa ní láti ra ju ẹyọ kan lọ kí ẹ so wọ́n pọ̀.

Ẹ má fi ìró gùn ún. Ṣéènì kò mọ lééṣì yàtọ̀ sí àǹkárá. Ẹ sì so ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dàlì, torí ẹsẹ̀ tó bá yọ bọ́ sílẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń sáré, ilẹ̀ á gbá a mú, kẹ̀kẹ́ á sì máa gun orí rẹ̀ lọ. Ṣúméékà kan ní Bódìjà ló gé awọ tó ń di gìgísẹ̀ mi mú. Mo tún ra àsíá aláwọ̀ ọsàn gíga kan sẹ́yìn rẹ̀, torí awakọ̀ tírélà kò lè rí ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnu àwọn ará Ìbàdàn kò ṣeé dí. Onímícrà kan ká gíláàsì sílẹ̀ ní Parliament Road, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́!" Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Èyí tí mi ò gbà ni ti àwọn tó ń pè é ní kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Lọ́jọ́ 7 oṣù keje ọdún 1933, ní Paris, Francis Faure fi kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì tí Charles Mochet ṣe rin 45.055 km ní wákàtí kan, ó sì ré kọjá iye tó pọ̀ jù tí Oscar Egg ti fi lélẹ̀ láti 1914. Ní 1934, UCI tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé yọ irú rẹ̀ kúrò nínú ìdíje àwọn kẹ̀kẹ́ lásán. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ti Faure, eré tèmi kò sì súnmọ́ tirẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lé aláìsàn kúrò nínú eré sísá.

Owó rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé: tuntun rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní 1,000 dọ́là dáadáa, tokunbo ni tèmi. Iye tí àjẹ́ńtì tó bá mi gbà á jáde ní èbúté Èkó gbà, mi ò fẹ́ rántí rẹ̀, ó ní mọ́tò kékeré ni. Àga rẹ̀ ṣeé tì síwájú sẹ́yìn, nítorí náà ọmọ ọmọ mi àti ọkọ mi tó ga lè gùn ún láìgé ṣéènì. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bíi 20 kg, ó sì fẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó sanwó. Aládùúgbò mi kan tó ń gbé òkè kejì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ní òun náà fẹ́ ra tirẹ̀. Mo bi í pé ta ni yóò máa gbé e gòkè, ó ní Ọlọ́run á ṣọ̀nà. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bá láǹlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ nípa abẹ́ àtẹ̀gùn.