Àpótí mẹ́ta fún ọmọ Scrabble: èwo ló ń tètè sọ pé ọ̀kan ti dín?

Ọgọ́rùn-ún ni ọmọ Scrabble. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló ní lẹ́tà lójú, méjì yòókù ṣófo. Àpò aṣọ tí wọ́n máa ń kó wọn sí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé Q ti já bọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da gààrí sápò: ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, àpò kò mọ̀. Ó di ọjọ́ kẹta, nígbà tí eré bá wọra, kí wọ́n tó máa wá a, wọ́n á sì ti gbá a dànù mọ́ ìdọ̀tí.

Nítorí náà, ìbéèrè kan la kọ́kọ́ fi yẹ àpótí mẹ́ta yìí wò: tí ọmọ kan bá dín, ṣé àpótí á sọ kí wọ́n tó dìde nídìí eré? Ẹwà dẹ̀yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lèèyàn lè yà fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó fi 3D printer, ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike tò léra títí á fi di nǹkan, tẹ̀ ẹ́ jáde nínú yàrá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Kódà ẹ̀rọ kékeré tí pẹpẹ rẹ̀, ibi tó ń tẹ nǹkan lé, kò ju 180 mm lọ á gbà wọ́n.

Ìwọ̀n ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ọmọ Scrabble ọjà kì í ṣe oníwọ̀n kan náà. Onípákó wà, oníke wà. Púpọ̀ nínú wọn fẹ̀ tó nǹkan bí 19 mm, wọ́n ga tó 20 mm, wọ́n sì nípọn ju 4 mm lọ díẹ̀. Ẹ má fi ìwọ̀n ẹlòmíràn ya tiyín. Ẹ fi caliper, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan kékeré, wọn ìbú àti gíga ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ sì mú èyí tó tóbi jù. Ní ti bó ṣe nípọn, ẹ má wọn ẹyọ kan kí ẹ wá fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ to mẹ́wàá ti ara wọn, ẹ fún wọn pọ̀ díẹ̀, kí ẹ wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe 0.1 mm lórí ẹyọ kan á ti di odidi 1 mm kó tó pé mẹ́wàá, ìyẹn sì lè tó láti jẹ́ kí ọmọ ìkẹwàá kọ̀ láti wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi 0.3 mm sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó fẹ̀ ní 19 mm á gba ihò 19.6 mm. Tó bá dín sí 0.2 mm, ó máa há. Tó bá ju 0.5 mm lọ, ó ṣò, ọmọ á máa dẹ̀gbẹ́ nínú ihò. Gbogbo ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí, ọmọ oní 19 × 20 × 4.3 mm la fi ṣe é, ògiri jẹ́ 1.2 mm, ìpele ike kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ ń tò léra jẹ́ 0.2 mm.

Ẹ̀kíní ni alátẹ mẹ́rin. Àtẹ kọ̀ọ̀kan ní ihò 25, márùn-ún lọ́nà márùn-ún, ọmọ sì dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sídìí ìdíje mọ ètò yìí dáadáa: kí aago ìṣẹ́jú 25 tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, wọ́n á ti to ọmọ ní márùn-ún lọ́nà márùn-ún sójú mẹ́rin lórí pátákó, kí ojú wọn lè rí i pé wọ́n pé. Àtẹ yìí kàn sọ àṣà yẹn di ike ni. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ nǹkan bí 105 mm, èkejì 110 mm. Tí ẹ bá gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn, tí ẹ fi ọmọrí dé e, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 25 mm lọ. Gbogbo rẹ̀ á jẹ nǹkan bí 100 gíráàmù filament, ìyẹn okùn ike tí ẹ̀rọ ń yọ́.

Ẹ má gbàgbé ihò roboto 12 mm nísàlẹ̀ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìka á ti tì í sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èékánná lẹ máa fi yọ ọ́. Ihò yẹn tún ní iṣẹ́ kejì: ẹ gbé àtẹ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ilé tí kò bá ní ọmọ á tàn yòò. Kò sí kíkà, kò sí àríyànjiyàn.

Ohun tó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ jù kò tiẹ̀ kan eré. Àtẹ kan kì í ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ lórí ẹ̀rọ tí kò yára. Tí NEPA bá mú iná lọ, àtẹ kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló lè rántí ibi tó dé kó sì máa bá a lọ tí iná bá dé, àmọ́ pẹpẹ á ti tutù, PLA, irú ike tí ọ̀pọ̀ ń lò, á sì ti ṣí kúrò lójú rẹ̀. Ìpele tó bá kàn á gba ẹ̀gbẹ́, ìlà kan á hàn gedegbe lára ògiri.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gba àkókò. Títo ọgọ́rùn-ún ọmọ ní ẹyọ ẹyọ lẹ́yìn eré kò wu ẹni tó fẹ́ tètè wọ ọkọ̀. Tí ohun tó so àwọn àtẹ pọ̀ bá sì já, gbogbo ọmọ ló máa dà sílẹ̀. Rọ́bà méjì tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn ún wò lè fi òòfà kékeré 6 × 2 mm sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú ihò 6.2 mm, kó fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Kó fi máákà sàmì sójú òòfà kọ̀ọ̀kan kó tó lẹ̀ ẹ́ o. Ẹyọ kan tó bá kọ ojú sódì, àwọn àtẹ á máa ti ara wọn kúrò. Tí etí àtẹ òkè kò bá sì wọ inú ti ìsàlẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n yín ló burú. Ìpele àkọ́kọ́ ló tẹ̀ pẹrẹsẹ sórí pẹpẹ tó sì fẹ̀ jù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ elephant foot sí nínú slicer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gé àwòrán sí ìpele fún ẹ̀rọ, ẹ fi 0.2 mm sí i.

Ẹ̀kejì ni oní-kòtò mẹ́wàá, òun la sì yàn. Ọmọ dúró lórí ẹsẹ̀ wọn nínú kòtò, mẹ́wàá nínú kòtò kọ̀ọ̀kan, bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé sínú ọ̀rá. Kòtò márùn-ún lápá òkè, márùn-ún nísàlẹ̀. Tí ọmọ mẹ́wàá bá jẹ́ 43 mm, kí kòtò gùn ní 45 mm, kó fẹ̀ ní 19.6 mm. Gbogbo àpótí á jẹ́ nǹkan bí 106 × 94 × 24 mm, ó ń wọ àpò ṣòkòtò tó bá fẹ̀ díẹ̀. Kò tó 60 gíráàmù, tòun ti ọmọrí, ó sì gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí: tí kòtò bá kún, àlàfo 2 mm péré ló kù lẹ́yìn ọmọ ìkẹwàá. Tí ọ̀kan bá dín, àlàfo náà á ju 6 mm lọ, àwọn yòókù á sì ṣubú lu ara wọn. Ẹni tó dúró sẹ́yìn tábìlì á rí i. Kíkó o sílé kò sì le: ẹ fi ìka méjì gbá ọmọ mẹ́wàá pọ̀, ẹ gbé wọn sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí èyí lè ṣeé ṣe, ẹ gé àárín ògiri àwọn kòtò ní ìlàjì òṣùpá, kó jìn tó 10 mm.

Kìkì pé ó máa ń sọ pé ọ̀kan dín, kì í sọ èwo. A wá ètò kan sí i, tí kòtò kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ tirẹ̀. Ó bọ́ sí i wẹ́kú, ọgọ́rùn-ún géérégé:

1: A mẹ́sàn-án, Z kan
2: I mẹ́sàn-án, X kan
3: O mẹ́jọ, V méjì
4: E mẹ́wàá
5: E méjì, N mẹ́fà, P méjì
6: R mẹ́fà, D mẹ́rin
7: T mẹ́fà, L mẹ́rin
8: U mẹ́rin, S mẹ́rin, W méjì
9: G mẹ́ta, B méjì, C méjì, M méjì, J kan
10: F méjì, H méjì, Y méjì, K kan, Q kan, òfìfo méjì

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ́ sábẹ́ ọmọrí, kí lẹ́tà náà yọ sókè ní 0.6 mm, tàbí kí ẹ fi máákà kọ ọ́. Kì í ṣe ojoojúmọ́ lẹ máa tò ó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ kòtò kan bá dín ni ẹ máa to gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tó sá lọ á jẹ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọmọrí rẹ̀ ló le jù láti ṣe. Ó ń wọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, nínú ìlà tí wọ́n dá ní ìdagun 45°, kí ẹ̀rọ lè tẹ̀ ẹ́ láìlo òpó tó ń gbé ike ró. Ẹ fi 0.35 mm sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tó bá fún síbẹ̀, sáńpépà 240 lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún á tán an. Ẹ fi kókó kékeré kan, 0.4 mm, sí ìparí ìlà náà kí ọmọrí lè ró kẹ́ẹ́ tó bá dé ilé. Láìsí kókó yìí, kòtò ọ̀nà kan láàárín Ògólóńtò sí Mile 12 ti tó láti ṣí i nínú báàgì. Àlàfo 2 mm yẹn tún máa ń jẹ́ kó dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọmọrí á pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí: níbi tí nozzle, ẹnu tí ike yíyọ́ ń gbà jáde, ti ń bẹ̀rẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi rorẹ́ kékeré sílẹ̀. Tí rorẹ́ yìí bá tò sínú kòtò, ọmọ á máa kọ́ lu ú. Nínú slicer, ẹ gbé seam, ìyẹn ibi ìbẹ̀rẹ̀ náà, lọ sí igun ìta àpótí.

Ẹ̀kẹta, oní-ábídí, ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ihò 28 ni, méje lọ́nà mẹ́rin: ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún òfìfo, E sì gba méjì nítorí méjìlá ni. Ọmọ dùbúlẹ̀ léra wọn. A àti I jẹ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, nítorí náà ihò gbọ́dọ̀ jìn tó 40 mm. Ó rẹwà, ó sì ń dárúkọ ọmọ tó sọnù. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Q kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀ ihò 40 mm, ìka àgbà lè kàn án, àmọ́ kò lè gbá a mú. Ẹ óò dojú àpótí dé láti mú un, gbogbo lẹ́tà yòókù á sì tẹ̀ lé e. Àfi kí ẹ gbé ilẹ̀ ihò sókè ní ìwọ̀n iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì túmọ̀ sí filament púpọ̀ sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀ pàápàá, ó ti jẹ nǹkan bí 125 gíráàmù, ó sì gba wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní ínfátà kó má dán an wò.

Olùkọ́ ló lè jàǹfààní rẹ̀. Ábídí Yorùbá kò ní C, Q, V, X àti Z. Ọmọ méje nìyẹn tí kò níṣẹ́. Tí ẹ bá fi máákà fi àmì sábẹ́ E, O àti S mélòó kan, àwọn ihò tó ṣófo yẹn á di ilé Ẹ, Ọ àti Ṣ.

Ní ti ohun èlò, PLA rọrùn, àmọ́ ó ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Orí dashboard ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa lọ́sàn-án lè kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọrí tó bá sì tẹ̀ ní 2 mm kò ní wọ́ mọ́. PETG, irú ike mìíràn, ń fara dà á dé nǹkan bí 80°C. Ẹ gbé nozzle sí 230 sí 245°C, pẹpẹ sí 70 sí 80°C, kí ẹ sì fi 0.4 mm sílẹ̀ fún ọmọrí dípò 0.35.

Ìkòròdú wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í ṣeré. Filament tí wọ́n gbé kalẹ̀ lásán á mu omi: nozzle á máa ta pàpà, òwú tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn á sì gba inú kòtò kan. Ẹ gbé e sínú ike ìrẹsì tí ọmọrí rẹ̀ le, kí ẹ da àwọn àpò kékeré oníwóró tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i. Èyí tó ti mu omi, ẹ sá a nínú ẹ̀rọ ìgbẹfilament fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, PLA ní 45 sí 50°C. Ẹ má gbé e sínú ọ́fúùnù ilé ìdáná o, ooru rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Owó rẹ̀ kò ṣòro láti ṣírò. Ká ní kílò filament kan jẹ́ 30,000 náírà, gíráàmù kan jẹ́ 30 náírà. Oní-kòtò á jẹ 1,800, alátẹ 3,000, oní-ábídí 3,750, kí ẹ tó ka iná àti èyí tó bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ gbé ọmọ mẹ́wàá dání lọ bá a. Ẹ má ka ìwọ̀n fún un lórí fóònù.

Kí ẹ tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó tẹ kòtò kan péré. Kò tó 10 gíráàmù, kò sì tó wákàtí kan. Ẹ kó ọmọ mẹ́wàá sí i, kí ẹ dojú rẹ̀ dé: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ já bọ́ láìgbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mẹ́sàn-án sí i, ẹ gbé e jìnnà tó apá kan. Tí mẹ́sàn-án bá dà bí mẹ́wàá lójú yín, ẹ dín gígùn kòtò náà kù.