Thunderbird 115: ojú tuntun, ilẹ̀kùn tó le sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo Thunderbird, áàpù tí wọ́n fi ń ka mélì lórí kọ̀ǹpútà, tipẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dà 115 tó jáde ní 2023 yẹn já yín láyà o, lóòótọ́ nǹkan púpọ̀ ló ṣípò, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá mẹ́nù òkè tì, ẹ ṣáà tẹ Alt lórí kíbọ́ọ̀dù, á yọjú. Èmi fẹ́ràn Cards View yẹn gan-an, ìyẹn bó ṣe ń to mélì kọ̀ọ̀kan bíi káàdì, orúkọ ẹni tó kọ mélì wà lókè, àkọlé ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ojú ò ní máa sáré látọ̀tún sósì mọ́, tí lẹ́tà bá sì kéré jù, inú mẹ́nù onílà mẹ́ta lẹ ti máa sọ ọ́ di ńlá.

Ti pásíwọ́ọ̀dù ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Láti oṣù karùn-ún 2022 ni Google ti sọ pé pásíwọ́ọ̀dù Gmail lásán ò tó mọ́ fún irú áàpù báyìí, torí náà ẹ wọ Account Settings, ẹ mú OAuth2 (ọ̀nà ìwọlé tí ẹ ò ní kó pásíwọ́ọ̀dù yín fún áàpù) níbi Authentication method, ojú ìwé Google fúnra ẹ̀ á ṣí, ibẹ̀ lẹ ti máa wọlé. Ààbò tó dáa nìyẹn, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é fún SMTP náà, ìyẹn ọ̀nà tí mélì ń gbà jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mélì á máa wọlé, tiyín ò ní jáde.