Wrath of God tàbí Toxic Deluge: èwo ló kápá Sliver?

Nínú Commander, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ta eré káàdì Magic: The Gathering, àwọn ẹ̀dá tó ń jẹ́ Sliver kì í dá jẹun: ohun tí ọ̀kan bá ní, gbogbo ẹbí ló ní in. Tí Crystalline Sliver bá wọlé, kò sẹ́ni tó lè fi káàdì nàka sí ẹyọ kan nínú wọn mọ́. Ó ku káàdì agbálẹ̀, èyí tó ń gbá gbogbo ẹ̀dá lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wrath of God, tó ń gba mana 4 (agbára tí a fi ń ta káàdì), ń pa gbogbo ẹ̀dá. Àmọ́ tí Sliver Hivelord, tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè pa Sliver olówó rẹ̀ run, bá ti jókòó, Sliver wọ̀nyẹn kò ní kú, tìrẹ ló máa kú!

Toxic Deluge, mana 3, kì í pa wọ́n ní tààrà. Iye ẹ̀mí tó o bá san ló ń yọ kúrò nínú agbára ìjà àti okun wọn. Hivelord 5/5 (agbára ìjà 5, okun 5) pẹ̀lú Muscle Sliver kan, tó ń fi 1 kún méjèèjì, di 6/6: san 6 nínú ẹ̀mí 40 rẹ, okun wọn tán, wọ́n ti lọ. Deluge lèmi máa mú.