Àmì Pupa Lórí Ìlà: Ọdún Kan Pẹ̀lú Ẹ̀rọ Tó Ń To Àwòrán Pàjáwìrì

Òru ni iṣẹ́ mi sábà máa ń bọ́ sí ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ka àwòrán inú ara ní Amẹ́ríkà. Àwòrán 50 lè tò de èmi nìkan, bí wọ́n bá sì ṣe wọlé ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n lè kọ “kíákíá” sára èyí tó bá le, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí gbogbo wọn ti ń ní “kíákíá” lára, tí ọ̀rọ̀ náà kò fi já mọ́ nǹkan mọ́.

Nítorí náà, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni mo fi gba ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n gbé wá bá wa lọ́dún tó kọjá. Irú rẹ̀ ti wà tipẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2018 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbí, fọwọ́ sí ti ilé-iṣẹ́ Viz.ai, tó ń wá iṣan ńlá tó dí nínú ọpọlọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ti Aidoc, tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí, gba àṣẹ. Tiwa náà ń wá ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Kì í kọ èsì, kì í sì í sọ irú àrùn tó jẹ́; ìlà nìkan ló ń tún tò.

Ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ kan, wọ́n ya àwòrán orí ìyá àgbàlagbà kan tó ṣubú nílé, ó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà mi pátápátá. Kí n tó ka méjì tán, ó ti fò dé òkè pẹ̀lú àmì pupa. Ẹ̀jẹ̀ tuntun a máa funfun nínú àwòrán CT, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìtànṣán X-ray yà ní ìpele-ìpele. Tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ abẹ́ agbárí lápá òsì, kò nípọn ju okùn bàtà lọ. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo pe dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ èké ni kò jẹ́ kí n yìn ín tán. Kálísíọ́mù tó máa ń dì sínú ọpọlọ àwọn àgbàlagbà náà máa ń funfun, ẹ̀rọ a sì pè é ní ẹ̀jẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra ló pariwo lásán. Nígbà tó pariwo lẹ́ẹ̀kẹrin, mo mu tíì mi tán kí n tó ṣí i, inú mi kò sì dùn sí ara mi.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àwòrán tí kò fi àmì sí, nítorí bí àwọn alámì ṣe ń fò sókè ni àwọn yòókù ń rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti lo bí ọ̀sẹ̀ méjì kì í funfun mọ́, àwọ̀ rẹ̀ a bá ti ọpọlọ mu. Bàbá kan wà tí ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdájí kí àwòrán rẹ̀ tó kàn mí.

Lọ́sàn-án, tí àwa mẹ́rin bá jọ jókòó, n kò rí ìwúlò ẹ̀rọ yìí. Lóru, n kò ní gbà kí wọ́n gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ bàbá yẹn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìlà rárá, mo máa ń kọ́kọ́ ṣí àwòrán orí gbogbo arúgbó tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìbáà ní àmì pupa tàbí kò ní.